Ilẹ̀kùn Tí Kò Mọ Ìyá Kúdí

Ọdún tí àwọn èèyàn bọ́ ìbòjú kòrónà kúrò lẹ́nu tán, tí a tún bẹ̀rẹ̀ sí í bọ ara wa lọ́wọ́ bí ọmọlúàbí, ni ilẹ̀kùn náà dé sí ilé iṣẹ́ wa. Mo tètè sọ èyí kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ má baà rò pé ìtàn ayé àtijọ́ ni mo fẹ́ sọ. Kò pẹ́ rárá. Àwọn kan nínú yín ń fi káàdì ṣí ilẹ̀kùn kan náà láràárọ̀ lónìí, wọn ò sì mọ ohun tí ojú rí kí káàdì yẹn tó dé.

Mo ti bá àwọn òṣìṣẹ́ jókòó sójú títì nítorí owó oṣù. Ọlọ́pàá ti fi èéfín atanilójú lé wa títí a fi já bàtà sílẹ̀, tí èmi odindi alága ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ń sáré láìwọ bàtà nínú ọjà. A máa ń fi ìyẹn rẹ́rìn-ín tó bá yá. Ṣùgbọ́n ìjà tó dùn mí jù láyé mi ni èyí tí ẹnikẹ́ni kò yìnbọn, tí ẹnikẹ́ni kò sì fọ́ gíláàsì kan. Orí ìka ọwọ́ la ti jà á.

Ilé alájà kan ni ilé iṣẹ́ wa, ti ìjọba, nínú ìlú Ìwó. N ò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ti mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbẹ̀ láti Kuta àti Ilé-Ogbó máa ń wá tọrọ ìwé níbẹ̀, àwọn tó ti fẹ̀yìntì máa ń wá béèrè ẹ̀tọ́ wọn. Ẹni tó bá dé, "Àsàlámù aléékùn" ni yóò kí lẹ́nu ọ̀nà, yóò sì wọlé. Ilẹ̀kùn onígi ńlá kan ló wà níbẹ̀ nígbà náà, tí oòrùn ti mú kó ṣá. Ìyá Kúdí ló máa ń ṣí i.

Ìyá Kúdí ló ń gbálẹ̀ ilé náà, tó ń fọ̀ ọ́, tó sì ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Opó ni, ọmọ Olúpọ̀nnà. Bó bá kírun Sùbúù tán ní ìlú wọn, yóò gun ọ̀kadà wá sí Ìwó, yóò fa kọ́kọ́rọ́ yọ lábẹ́ híjáàbù rẹ̀, níbi tó fi okùn so ó mọ́ ọrùn, yóò sì ṣílẹ̀kùn kí púpọ̀ nínú wa tó jáde nílé. Bó bá padà délé ní ìrọ̀lẹ́, ìdí ẹ̀gẹ́ ló tún ń jókòó sí, yóò máa bó o, yóò máa rẹ ẹ́, nítorí gaàrí ló fi tọ́ Kúdí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Ọṣẹ, omi ìfọlẹ̀ tó ń ta èèyàn nímú, àti omi ẹ̀gẹ́ ti jẹ ọwọ́ rẹ̀. Bó bá di èèyàn lọ́wọ́ mú, orí ìka rẹ̀ máa ń dán bí ìdí ṣíbí.

Àṣà kan wà ní ilé iṣẹ́ wa tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Bí ẹnìkan bá fẹ̀yìntì, a kì í jẹ́ kó dá jáde. Gbogbo wa la máa tò tẹ̀lé e láti inú ọ́fíìsì rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, a ó máa kọrin orúkọ rẹ̀, a ó sì sìn ín jáde ní ẹnu ọ̀nà iwájú. Ìyá Kúdí ló máa ń di ilẹ̀kùn mú ní gbogbo ìgbà tí a bá ń sin èèyàn jáde. Yóò fi ẹ̀yìn tì í, yóò nà án sílẹ̀ gbagada, yóò sì máa pàtẹ́wọ́. Ìfẹ̀yìntì tirẹ̀ náà ò jìnnà mọ́. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Mulí, lọ́jọ́ tèmi, ìwọ ni o máa di ilẹ̀kùn mú o. Má fi rán ẹlòmíràn." Èmi náà á ní, "Ẹ má dààmú, Ìyá Kúdí, ẹ̀yìn tèmi tóbi ju tiyín lọ, ilẹ̀kùn ò ní lè pa dé." A ó jọ rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń retí nínú iṣẹ́ ìjọba kò ju ìyẹn lọ: kí ó parí rẹ̀ dáadáa, kí ó gba ẹ̀tọ́ rẹ̀, kí a sì sìn ín gba ẹnu ọ̀nà tó ti ń ṣí fún wa láti ọjọ́ yìí wá.

Ìgbà yẹn ni ọ̀gá àgbà tuntun dé. Kò pẹ́ tó dé tí àwọn tó ti fẹ̀yìntì fi wọlé tọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan, tí wọ́n jókòó sílẹ̀ nínú ọ́fíìsì rẹ̀ pé àwọn ò ní dìde títí àwọn yóò fi gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ àwọn. Wọn ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Wọ́n kàn jókòó, arúgbó àti opó, wọ́n ń fa tẹ̀súbáà. Ṣùgbọ́n àyà ọ̀gá já. Kí oṣù yẹn tó parí, ó pe ìpàdé pé a fẹ́ yan ilẹ̀kùn tó ń fi ẹ̀rọ ṣí, àti pé kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wá bá wọn yàn án.

Ọkùnrin kan láti Ìbàdàn ló kó wọn wá. Ó tò wọ́n sórí tábìlì bí ẹni pàtẹ aago. Àkọ́kọ́, nọ́ńbà la máa ń tẹ̀. Èkejì, káàdì la máa ń fi kàn án. Ẹ̀kẹta ní ojú kékeré kan, ìka la máa ń gbé lé e: bó bá mọ ìka náà, iná àwọ̀ ewé yóò tàn, yóò ké píìn, ilẹ̀kùn yóò sì ṣí. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, iná pupa ni.

Ọ̀gá ní, "Ti nọ́ńbà ò dáa, ẹ ó máa sọ ọ́ fún ara yín. Ti káàdì náà, ẹ ó máa yá ara yín. Ẹni tó wà ní ilé ìyàwó yóò fi káàdì rán ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá sí iṣẹ́. Àbí irọ́ ni mo pa?"

Àwọn ọkùnrin rẹ́rìn-ín. Irọ́ kọ́.

"Ìka ò ṣeé yá," ló wí. "Ìka la máa lò."

Mo dìde. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣeun. Àwọn àgbà ní igi gańgańran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ìka ò dọ́gba nínú ilé yìí. Ẹ jẹ́ ká dán an wò kí a tó rà á." Mo sì ránṣẹ́ pe Ìyá Kúdí.

Ó wọlé, ó kúnlẹ̀ kí gbogbo ilé, ó ń fi etí ìró nu ọwọ́. Mo ní kó gbé ìka lé e. Iná pupa. Ọkùnrin ará Ìbàdàn ní ọwọ́ Màmá tutù ni, kí wọ́n nù ún dáadáa. Ó nù ún. Iná pupa. Ó gbìyànjú ìka òsì, ó gbìyànjú àtàǹpàkò. Pupa náà ni. Ìyá Kúdí ń wo ẹ̀rọ yẹn bí ẹni tí wọ́n bú láìṣẹ̀. Ó béèrè pé, "Ṣé mo ti bà á jẹ́ ni?"

Ọkùnrin náà ní, "Rárá o, Màmá. Èyí tí mo fi ń pàtẹ lásán nìyí. Tí a bá ti gbé ojúlówó dé, yóò gbà yín."

Mo ní, "Tí kò bá gbà wọ́n ńkọ́?"

Ọ̀gá ló dáhùn. "Alága, ẹnìkan ṣoṣo ò lè dá gbogbo wa dúró."

Ọ̀rọ̀ tó sọ gan-an nìyẹn, níṣojú Ìyá Kúdí tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé àwọn kan ń sọ pé àṣìṣe ni, pé ẹnikẹ́ni kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n mọ̀. A dán an wò lórí tábìlì, wọ́n rí iná pupa, wọ́n sì rà á.

Nǹkan kan ṣoṣo tí a rí gbà lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ náà ni pé bí iná bá lọ, kí ilẹ̀kùn ṣí ara rẹ̀, kí èèyàn má baà há sínú ilé bí eku inú páńpẹ́. Wọ́n gbà fún wa. Wọ́n yọ ilẹ̀kùn onígi, wọ́n fi gíláàsì sí i. Ọ̀gá ní kí Ìyá Kúdí mú kọ́kọ́rọ́ wá, pé kí wọ́n lọ sinmi ẹrù. Ó tú u lọ́rùn, ó fi áńkáṣíìfù dì í, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Títí di òní, n ò mọ ibi tí wọ́n sọ kọ́kọ́rọ́ yẹn sí.

Ojúlówó ilẹ̀kùn dé, kò gba Ìyá Kúdí. Láti ìgbà náà, ẹni tó ń tètè dé jù lọ nínú wa ló wá di ẹni tó ń dúró síta. Yóò dé ní kùtùkùtù, yóò jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú ìgbálẹ̀ rẹ̀, yóò máa retí ẹni tí yóò wá tẹ ìka kí òun lè tẹ̀lé e wọlé. Ọjọ́ tí iná bá lọ nìkan ni ojú rẹ̀ máa ń dán, nítorí ilẹ̀kùn á ṣí fúnra rẹ̀. Gbogbo Ìwó ń ṣépè fún àwọn oníná, Ìyá Kúdí nìkan ló ń gbàdúrà kí wọ́n mú iná lọ. Ó sọ fún mi pẹ̀lú ẹ̀rín pé, "Mulí, Ọlọ́run ń gbọ́ tèmi ju tiyín lọ." Kò pẹ́ ni ọ̀gá ra ínfátà tó ń gbé iná pamọ́. Bí iná ìlú lọ, bí kò lọ, ilẹ̀kùn ò ṣí fúnra rẹ̀ mọ́, àdúrà Ìyá Kúdí kò sì ní iṣẹ́ tí yóò ṣe.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri: ẹnikẹ́ni tó bá ṣílẹ̀kùn fún ẹlòmíràn yóò gba kúẹ́rì, ẹni tí ẹ̀rọ kò bá sì rí ìka rẹ̀, kò wá sí iṣẹ́ nìyẹn. Ṣé ẹ rí i? Ìyá Kúdí ń wá, ó ń yọ́ tẹ̀lé wa wọlé. Ilé ń dán. Ṣùgbọ́n nínú kọ́mpútà wọn, kò tíì wá rí láti ọjọ́ tí ilẹ̀kùn ti dé. Mo gun òkè lọ bá ọ̀gá. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ilẹ̀ tí bàtà yín wà lórí rẹ̀ yìí, ta ló fọ̀ ọ́ láàárọ̀ yìí?"

Ó wo ilẹ̀, ó wò mí. Ó ní, "Alága, ohun tí ẹ̀rọ bá sọ ni màá tẹ̀lé. Ẹ̀rọ kì í ṣe ojúsàájú." Ó ní tí nǹkan bá ń lọ bẹ́ẹ̀, ìwé dá-iṣẹ́-dúró ni yóò kàn.

Ilé kéwú Àfáà Ráfíù la ti ṣe ìpàdé, lẹ́yìn ìrun Àṣárì. Àfáà Ráfíù ni akọ̀wé ẹgbẹ́ wa. Bó bá ti kúrò ní iṣẹ́, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, a sì máa ń gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Àwọn ọkùnrin sọ̀rọ̀ títí, ṣebí ọmọ Ìwó olódídẹrẹ́ ni wá, ọ̀rọ̀ kì í wọ́n wa. Ẹnìkan ní ká kọ ìwé sí Òṣogbo. Ẹnìkan ní ká fọ́ gíláàsì náà. Sẹ̀lífá ló wá dìde.

Ọmọdébìnrin ni Sẹ̀lífá, kò tíì pẹ́ tó ṣègbéyàwó. Lọ́jọ́ tó padà sẹ́nu iṣẹ́, làálì tí wọ́n lé fún un fún nìkáà, ìyẹn ìsoyìgì rẹ̀, ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dúdú láti èékánná dé oríkèé. Ilẹ̀kùn kọ̀ ọ́. Gbogbo wa fi ṣẹ̀sín pé ilẹ̀kùn ń jowú ìyàwó. Làálì yẹn ló rántí.

Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, ṣé ẹ rántí ohun tí làálì ṣe fún mi? Ẹ jẹ́ kí gbogbo wa lé e. Bí ilẹ̀kùn ò bá mọ Ìyá Kúdí, kó má mọ ẹnikẹ́ni nínú wa. Kí wọ́n wá wò ó bóyá ẹ̀rọ ló ń ṣiṣẹ́ ìjọba ni àbí èèyàn."

Ilé kéwú dàrú fún ìdùnnú. Mo sọ fún yín, n kò tíì gbọ́ àrékérekè tó dùn tó bẹ́ẹ̀ nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Làálì! Ohun tí ìyá wa lò, ìyá ìyá wa lò. Èwo ni ìjọba yóò kà sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀?

Àfáà Ráfíù wú ikọ́. "Ọ̀rọ̀ yín dára. Ṣùgbọ́n làálì lọ́wọ́ ọkùnrin? Ọkùnrin kì í fara wé obìnrin, ẹ mọ ohun tí ẹ̀sìn wí."

Mo bi í pé, "Kí wá ni ẹ̀yin yóò ṣe?"

Ó ní, "Àwa ò ní lé làálì, ṣùgbọ́n a ò ní wọlé. Kò ní sí ìka ọkùnrin kan tí yóò kan ilẹ̀kùn yẹn. A ó káwọ́ gbera, a ó dúró tì yín títí Ìyá Kúdí yóò fi wọlé. Inú ilé kéwú ni mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí, Ọlọ́run ń gbọ́." Àwọn ọkùnrin yòókù ní àmín.

Ilé mi la ti lé làálì lọ́jọ́ Àìkú, a gún ewé rẹ̀, a pò ó, a sì fi ọ̀rá di ìka wa. Sẹ̀lífá fúnra rẹ̀ ló lé e fún Ìyá Kúdí. Ìyá Kúdí ń wo ọwọ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀. "Láti ọjọ́ tí mo ti relé ọkọ," ló wí, "ẹnikẹ́ni ò tíì lé làálì fún mi." Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn kò tilẹ̀ nílò rẹ̀, nítorí ilẹ̀kùn ti kọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún un pé kó má lé e?

Ní òwúrọ̀ Ajé, a jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò tó wà níwájú ilé náà, gbogbo obìnrin pátá, ọwọ́ wa dúdú, ó rẹwà. Àwọn ọkùnrin dúró lápá kejì, wọ́n káwọ́ gbera. Ọ̀gá dé, ó wò wá, ó tẹ ìka tirẹ̀, ó wọlé. Nígbà tó yá, ó rán ẹnìkan jáde pé ẹni tí kò bá wọlé kí oòrùn tó ta, kúẹ́rì rẹ̀ ti wà lórí tábìlì.

Awakọ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ yà kúrò láàárín wọn, ó ní òun fẹ́ lọ tọ̀. Píìn. Ẹnìkan ní òun gbàgbé fóònù sínú ilé. Píìn. Àwọn méjì tẹ̀lé e, wọn ò tilẹ̀ rí àwáwí kankan ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò wo ojú ẹnikẹ́ni mọ́, mo kàn ń gbọ́ ìró náà. Píìn. Píìn. Nígbà tí mo gbójú sókè, Àfáà Ráfíù nìkan ló kù lápá ibẹ̀. Ó sún mọ́ mi, ó ń wolẹ̀.

"Alága, ẹ dákun. Ẹ mọ̀ pé ìyàwó mi wà ní ọsibítù."

Mo ní, "Mo mọ̀. Inú ilé kéwú lẹ ti sọ̀rọ̀ náà."

Ó ní, "Mo mọ̀." Ó lọ. Píìn.

Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Bí àwọn ọkùnrin bá dúró, ilé yẹn ìbá dákẹ́ bí itẹ́ òkú, ọ̀gá ìbá sọ̀kalẹ̀ wá bá wa. Ṣùgbọ́n wọ́n wọlé, wọ́n tan kọ́mpútà, iṣẹ́ ń lọ. Obìnrin nìkan ló ń jókòó síta.

A ò tètè dìde. Títí ọ̀sẹ̀ náà fi ń parí lọ, abẹ́ igi yẹn la wà. Ìgbà yẹn ni ọ̀gá wá sọ̀kalẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ béèrè ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, gbogbo wa sì ti gbà pé a ò ní fẹnu kan orúkọ ẹnikẹ́ni. Kò béèrè. Ó kàn wo ọwọ́ wa, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ ṣeun," ló wí. "Ẹ ò tilẹ̀ jẹ́ kí n wá yín kiri." Ó ní ẹni tí ìka rẹ̀ bá ṣílẹ̀kùn ní Ajé tó ń bọ̀, òun yóò forí jì í. Ẹni tí kò bá ṣí i, kó máa lọ sílé.

Ìgbà yẹn ni ojú wa ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Àwọn tó ń jà níbòmíràn máa ń so aṣọ pupa mọ́ orí, bí ọlọ́pàá bá dé, wọn a já a sọnù, wọn a di èrò ọ̀nà. Àwa Ìwó lọ fi làálì jà. Làálì kì í já. A fi ohun tí ọjọ́ nìkan lè mú kúrò sàmì sí ara wa, a sì rìn lọ síwájú ẹni tí a ń bá jà. Nínú gbogbo ọgbọ́n tí a ta, kò sí ẹni tó rántí ìyẹn, bẹ́ẹ̀ láti kékeré la ti mọ̀ ọ́n.

Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Sẹ̀lífá ń fi ìka ha ilẹ̀. Ìyá Kúdí ló dìde. Ó ní, "Ó tó o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ bọ́ síbí." Ó kó wa lọ sídìí ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́yìn ilé, níbi tó ti máa ń pọn omi ìfọlẹ̀. Ó ní kí wọ́n ra ọsàn wẹ́wẹ́ wá, ó bu iyọ̀ sí i, ó mú kànhìnkànhìn àti ọṣẹ dúdú. Ó jókòó sórí garawa tó dojú dé, ó ní kí ẹni àkọ́kọ́ mú ọwọ́ wá.

Ẹ̀yin ọmọ, mo rí nǹkan láyé. Mo rí obìnrin tí ilẹ̀kùn kò mọ̀, tó jókòó tó ń fọ ọwọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí ilẹ̀kùn lè mọ̀ wọ́n. Ó ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ha orí ìka wa, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i bó bá ta wá. Ọwọ́ tirẹ̀ dúdú bí a ṣe lé e.

Nígbà tó kàn mí, mo ká ọwọ́ mi sẹ́yìn. Mo ní, "Ìyá Kúdí, èmi ò fọ̀."

Ó wò mí. "Mulí, mú ọwọ́ wá."

"Mi ò fọ̀ o."

"Ìwọ ni alága. Bí ìwọ náà bá wà níta, ta ni yóò máa bá wọn sọ̀rọ̀ mi nínú ilé?"

Mo na ọwọ́ sí i. Ó fọ̀ ọ́ títí. Mo bi í pé, "Tiyín ńkọ́, mà?"

Ó ní, "Kí ni mo fẹ́ fọ̀ ọ́ fún?"

Títí di ọjọ́ Ajé la ń fọ̀ ọ́ nílé, àwọn mìíràn fọ̀ ọ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ. Ilẹ̀kùn gbà wá, àwọn kan nígbà àkọ́kọ́, àwọn kan lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìgbìyànjú. Bí èmi ti wọlé tán tí mo yíjú padà, ilẹ̀kùn ti pa dé. Ìyá Kúdí wà lódì kejì gíláàsì, ó fi ìgbálẹ̀ rẹ̀ ti ògiri, ó gbọn ìró rẹ̀, ó gbọ́wọ́ sókè sí mi. Ó rọra rìn lọ sí títì lọ dá ọ̀kadà dúró. Ẹnikẹ́ni kò sìn ín. Ẹnikẹ́ni kò kọrin.

Mo bá wọn sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ilé bí ó ti wí. A kọ̀wé, a lọ Òṣogbo, a padà, wọ́n ní ká ṣe sùúrù. Ìwé dá-iṣẹ́-dúró bá a ní Olúpọ̀nnà. Ó kù díẹ̀ kí ààwẹ̀ wọlé ni Kúdí pè mí pé ìyá òun ti lọ. Ó ní wọn ò ṣàìsàn tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n kàn máa ń jí ní àfẹ̀mọ́júmọ́, wọ́n á wọṣọ, wọ́n á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọn ò sì ní sọ ibi tí wọ́n ń lọ.

Èmi pẹ̀lú Kúdí la wẹ̀ wọ́n. Ọwọ́ ọ̀tún la kọ́kọ́ wẹ̀. Làálì ti parẹ́ lára awọ, orí ìka wọn sì ń dán bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣẹ́kù tín-ín-rín ní etí èékánná gbogbo, pupa. Kúdí béèrè pé, "Àǹtí, ṣé ká gé e kúrò?" Mo ní kó fi í sílẹ̀. Mo wo èékánná ọwọ́ tèmi tí mo fi ń da omi sí wọn lára. Ìlà pupa kan náà wà níbẹ̀.

Kí la rí gbà? Ọ̀gá yẹn lọ, òmíràn dé, ó ka ìwé wa, ó sì ní kí wọ́n fi ti káàdì kún ti ìka. Káàdì tí ẹ ń gbé kọ́rùn nìyẹn. Ibi kan náà tí Ìyá Kúdí ń so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ lẹ gbé e kọ́. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ báyìí ń fi tirẹ̀ wọlé ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ó dára, inú mi dùn. Kí la sọ nù? Ẹgbẹ́ wa kò tún rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Obìnrin kì í gbàgbé ìró píìn yẹn. Ẹ̀tọ́ Ìyá Kúdí, Kúdí ṣì ń lọ béèrè rẹ̀, wọ́n sì ń sọ fún un pé ẹ̀rọ kò rí ìyá rẹ̀ níbi iṣẹ́.

Lọ́dún tó kọjá, ó kan èmi láti fẹ̀yìntì. Wọ́n tò tẹ̀lé mi, wọ́n ń kọrin orúkọ mi. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, mo fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, mo nà án sílẹ̀ gbagada. Mo ní kí wọ́n dákẹ́ orúkọ mi, kí wọ́n kọ ti Ìyá Kúdí. Àfáà Ráfíù tó ti hewú ló gbé orin náà, kò sì lè wò mí lójú. Àwọn obìnrin gbè é.

Ilẹ̀kùn yẹn kì í gbà kí wọ́n di òun mú pẹ́, bó bá ti pẹ́ díẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ọmọkùnrin kan ní, "Mà, ẹ jẹ́ kó pa dé." Mo ní kó fi í sílẹ̀. Mo tẹ ẹ̀yìn mi mọ́ ọn bí mo ti ṣèlérí, ilẹ̀kùn ń ké lé wa lórí, a kọ orin náà tán. Gbogbo wa ń wo ojú ọ̀nà. Kò sí ẹni tó gba ibẹ̀ jáde.